Tíkẹ́ẹ̀tì Tí Alága Fátókun Rà
Nínú àwọn ilé tẹ́tẹ́ orí fóònù, ẹni tó bá fẹ́ tètè jáde kí bọ́ọ̀lù tó parí lè gba nǹkan díẹ̀, kódà bí wọ́n bá gé e sí ìdajì. Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù Alága Fátókun ní Ìkirè, ẹni tí tíkẹ́ẹ̀tì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí rẹfirí bá fọn fèrè ìkẹyìn nìkan ló ń gbowó. Kíláàbù tí Làsísì tó ń jó irin ta tẹ́tẹ́ lé ti fi góòlù kan ṣíwájú nígbà tí nọ́ọ̀sì pè é pé ìyàwó rẹ̀ ti ń rọbí, pé àwọn ò ní fọwọ́ kàn án láìsan owó sílẹ̀. Ó bẹ Alága pé kó fún òun ní díẹ̀ nínú owó náà kí òun lè máa lọ. Alága ní, "Lọ jókòó, àbí o ò mọ òfin ni?" Làsísì yíjú sí àwọn òǹwòran, ó ní, "Ẹni tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń gbowó. Mo fẹ́ ta tèmi." Ẹnì kan ná an ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ẹlòmíràn ní òun á san ogún. Alága rí i pé bí kíláàbù náà bá borí, ẹni tó bá rà á yóò gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ òun, ló bá ka ogójì sílẹ̀, ó sì gba tíkẹ́ẹ̀tì náà. Làsísì ò tíì sọdá títì tí wọ́n fi dá góòlù náà padà, tí fèrè sì dún. Àwọn èèyàn sáré bá a, wọ́n ń kí i kú oríire. Ó ní, "Ẹ má kí mi. Owó tí ìyàwó mi tọ́jú de ìbímọ ni mo ti ń kó fún Alága. Ìdajì rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dá padà."