Igbà tí Lákànmí Jù Sílẹ̀

Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ta wá ni kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀? Ṣebí ẹni tó ń bínú gan-an ló ń fẹsẹ̀ janlẹ̀! Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́yìn odi, ọ̀pọ̀ orúkọ ti bọ́ lórí mi, ṣùgbọ́n bí ìyá tó bí ìyá mi ṣe sọ ọ́ fún wa nìyí.

Akọpẹ ni Lákànmí. Ó ń kọ ẹyìn fún Ìyá Fọ́láwẹ̀, tó ni ibi ìfọ́po létí odò. Àṣà kan wà láàárín àwọn akọpẹ láyé ọjọ́un: ẹni tó bá fẹ́ kọṣẹ́ sílẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ ni yóò jù síwájú ẹni tó gbà á síṣẹ́. Ó parí.

Lọ́jọ́ kan, Lákànmí wà lórí ọ̀pẹ tó ga jù lóko náà, ó ti jókòó sáàárín imọ̀. Ọ̀jẹ́wálé, akọpẹ tí Lákànmí fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́, ń ṣa ẹyìn nísàlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹyìn tí ò tíì pọ́n lẹ̀ ń bẹ́ wálẹ̀ yìí o! Àbí ojú yín ò ríran mọ́ ni?"

Àwọn obìnrin tó ń ru ẹyìn bú sẹ́rìn-ín.

"Èmi lò ń bá wí? Èmi tí mo fi igbà lé ọ lọ́wọ́?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ẹyìn ọ̀hún ṣáà ń wò mí lójú."

Ẹ̀rín tún sọ. Ìyá Fọ́láwẹ̀ jáde, ó gbójú sókè. "Lákànmí, mo bẹ̀ ọ́. Kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ ná. Ká jọ sọ ọ́ nílẹ̀."

"Kí n sọ̀kalẹ̀ wá gba èébú? Ẹ gba igbà yín!"

Ó tú u, ó jù ú. Igbà balẹ̀ síwájú ìyá náà, gẹ́gẹ́ bí àṣà.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Lókè lọ́hùn-ún, Lákànmí wolẹ̀, ó rí i pé igbà tí òun ì bá fi sọ̀kalẹ̀ ti wà nílẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀, ó rí tín-ín-rín bí ti ọmọdé: "Ọ̀jẹ́wálé..."

"Ẹ má mira, ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ di imọ̀ mú!"

Igbà yẹn náà ni Ọ̀jẹ́wálé gbé, ló fi ń gun ọ̀pẹ lọ bá a. Ó kù díẹ̀ kó débẹ̀ ni imọ̀ ya. Lákànmí gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀.

Kò kú. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ méjèèjì kò gbé e mọ́ títí ayé. Ọ̀jẹ́wálé ló ń pọ̀n ọ́n lọ síbi ìfọ́po láràárọ̀, kó lè máa pa èkùrọ́.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, obìnrin méjì ń jà níbẹ̀ nítorí ìkòkò epo. Ọ̀kan gbé ìkòkò sókè, ó fẹ́ fọ́ ọ mọ́lẹ̀. Lákànmí kò gbórí sókè nídìí èkùrọ́.

"Ìbínú mi ò mọ̀ pé mi ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn," ó ní. "Ẹ wò ó, mi ò tún lẹ́sẹ̀ rárá mọ́."

Obìnrin náà rọra gbé ìkòkò kalẹ̀. Látọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pa á lówe nílùú wa: ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.