Àwòrán Ooru àti Páànù Tuntun

Ọláṣebìkan, jókòó kí n sọ ìtàn kan fún ọ. Ọkùnrin kan wà tí ìjọba ìbílẹ̀ rán níṣẹ́. Wọ́n ní kó wá àdúgbò tí ooru ti mú jù nínú ìlú, kí àwọn lè bá wọn kan síìlì sábẹ́ òrùlé ilé wọn kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Pákó tó wà nílẹ̀ kò lè kárí ju àdúgbò kan lọ.

Ọkùnrin náà mọ̀wé o, má gàn án. Rírìn nínú oòrùn ni kò fẹ́. Ó jókòó sí ọ́fíìsì, ó gba àwòrán tí sátẹ́láìtì yà láti ojú ọ̀run. Òrùlé tó bá gbóná á pọ́n lórí àwòrán náà, èyí tó bá tutù á hàn ní búlúù. Àwọn tó ni ẹ̀rọ sátẹ́láìtì náà ti kìlọ̀ pé páànù tó ń dán kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ rí gbogbo ooru ara rẹ̀, pé kó ṣe ìṣirò irú òrùlé bẹ́ẹ̀ lọ́tọ̀. Ó ní wàhálà ti pọ̀ jù. Ìṣirò kan náà ló fi bo gbogbo ìlú.

Àdúgbò Òkè Àgbá, tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà, pọ́n. Ìsàlẹ̀ Odò, tí ìjì ṣí òrùlé wọn lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kan páànù tuntun láìsí síìlì, hàn ní búlúù. Ni wọ́n bá kó pákó lọ sí Òkè Àgbá.

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tó tọ́ ọ dàgbà, ń gbé Ìsàlẹ̀ Odò. Ìyá náà pè é lórí fóònù. “Ọmọ mi, inú ààrò ni mò ń sùn o.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Màámi, àdúgbò yín ló tutù jù. Mo rí i lórí àwòrán.”

“Ṣé orí páànù ni mò ń sùn ni?”

Ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ará Ìsàlẹ̀ Odò ní kó máa bọ̀ kíákíá. Ó bá ìyá nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, aṣọ tútù láyà wọn. Ó fọwọ́ ti ògiri, ó sì yára fà á padà. Yéè! Mo gbé! Ilé tí òun fọwọ́ ara òun kọ sílẹ̀ pé ó tutù! Wọn ò tíì gbé ìyá dé ọsibítù tí ẹ̀mí fi bọ́ lára wọn.

Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ láàárọ̀, Ọláṣebìkan. O ní ìyàwó tí àbúrò rẹ fi sáyé lọ kò nílò nǹkan kan, torí aṣọ rẹ̀ máa ń mọ́ tó bá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Háà! Láti ìgbà tí wọ́n ti sin àbúrò rẹ, ṣé o ti wọ yàrá obìnrin náà rí? Ṣé o ti ṣí ìkòkò rẹ̀ wò?

Dìde. Oúnjẹ tí mo ní kí wọ́n bù fún ọ á dúró. Lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ná.