Àkàlàmàgbò àti Òwú Tó Yí Padà

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé orí Àkàlàmàgbò, àgbà ẹyẹ tó jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ dá lápá nítorí pé kò fẹ́ yí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ padà.

Ní ìlú àwọn ẹyẹ, iyanrìn gbọọrọ kan wà létí odò. Ọ̀pẹ wà ní ìparí rẹ̀ kan, àpáta wà ní ìkejì. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ẹyẹ ti ń fi bíbalẹ̀ dánra wò kí wọ́n tó bá àgbà rìnrìn àjò. Àkàlàmàgbò ló ń jókòó sórí igi àràbà, tí ń sọ ibi tí wọn yóò kọjú sí. Yóò ju òwú àràbà sílẹ̀. Bí òwú bá fò lọ sí àpáta, ọ̀dọ̀ ọ̀pẹ ni afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, ọ̀pẹ ni kí ẹyẹ kọjú sí. Afẹ́fẹ́ iwájú a máa gbé ẹyẹ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ti ẹ̀yìn a máa tì í ṣubú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, òwú fò lọ sí àpáta. Àkàlàmàgbò gbé orin. Ẹ bá mi gbè é:

Ọmọ ẹyẹ, kọjú sọ́pẹ.
*Fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́.*
Afẹ́fẹ́ ni yóò gbé ọ.
*Fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́.*
Má kẹ̀yìn sí i, wàá ṣubú.
*Fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́.*

Kò pẹ́, afẹ́fẹ́ yí. Òwú fò lọ sí ọ̀pẹ. Àkàlàmàgbò rí i. Ó rò ó lọ́kàn pé, "Bí mo bá sọ nǹkan mìíràn, wọn á ní àgbà ń sọ̀rọ̀ méjì." Ó tún orin àárọ̀ kọ: *fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́.*

Ọmọ Pẹ́pẹ́yẹ wá, gbì, ó fìdí janlẹ̀. Àwọn ẹyẹ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìdí rẹ̀ wúwo ju ìyẹ́ rẹ̀ lọ.

Àkàlàmàgbò tún kọrin: *fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́.* Ọmọ Àṣá wá, wùùù, ó yí gbirigbiri wọ inú koríko. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó kan Ẹfúnbùnmi, ọmọ Lékèélékèé. Ọjọ́ kejì gan-an ni ẹbí rẹ̀ yóò ṣí lọ, kí òjò tó dé. Ìyá rẹ̀ ké sókè pé, "Bàbá, òwú ti yí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ àpáta."

"Lékèélékèé, ṣé ìwọ ni yóò kọ́ mi níṣẹ́? Ọ̀pẹ ni mo wí láàárọ̀, ọ̀pẹ náà ni. Ìdánrawò lásán sì ni. Ta ni eré pa rí?"

Ó kọrin: *fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́.* Ọmọ náà gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu. Fòòò, afẹ́fẹ́ gbá a lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́. Kàà, ó kọlu ara ọ̀pẹ. Apá rẹ̀ kan dá.

Lékèélékèé gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Kò bú àgbà. Ó ní, "Bàbá, ọ̀la la ń lọ. Báwo ni ọmọ yìí yóò ṣe tẹ̀ lé wa?"

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́: ohun tí a bá fi dánra wò ni ara ń mọ̀, nítorí náà a kì í purọ́ nínú ìdánrawò. Àgbà tó rí òtítọ́ òní, tó sì di ọ̀rọ̀ àná mú, ìgbéraga ló ń sìn.

Àkàlàmàgbò sọ̀ kalẹ̀ láti orí àràbà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí iyanrìn lójú gbogbo ẹyẹ. Ó ní, "Lékèélékèé, Ẹfúnbùnmi, ẹ foríjì mí. Mo rí òwú. Mo mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ti yí. Orúkọ mi ni mo ń dáàbò bò, apá ọmọ ọlọ́mọ ni mo fi san owó rẹ̀. Èmi ni yóò dúró ti ọmọ yìí títí apá rẹ̀ yóò fi san. Láti òní lọ, bí òwú bá yí nígbà mẹ́wàá, ẹnu mi yóò yí nígbà mẹ́wàá."