Garawa Omi Tí Kò Tíì Tòrò

Gbẹ́nàgbẹ́nà kan wà tí kàǹga ilé rẹ̀ gbajúmọ̀ ju iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Bí àlejò bá wọ àdúgbò náà tó béèrè ilé ẹni tó ń kan àga, àwọn ènìyàn á kọ́kọ́ wo ara wọn lójú. Ṣùgbọ́n bó bá ní, "Ilé kàǹga ńkọ́?" ọmọ kékeré pàápàá á nawọ́ sí i.

Òun àti ìyàwó rẹ̀ ló gbẹ́ kàǹga náà lọ́dún tí wọ́n kó wọ ilé wọn. Ìgbà òjò ni. Ọkọ ń gbẹ́ nísàlẹ̀, ìyàwó ń fa iyẹ̀pẹ̀ sókè, kò sì pẹ́ rárá tí omi fi sun. Wọ́n yọ̀, wọ́n jó yí kòtò náà ká pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ta ni yóò tún máa gbẹ́ ilẹ̀ nígbà tí omi ti dé orókùn? Wọ́n dá iṣẹ́ dúró, wọ́n fi bíríkì mọ ọrùn rẹ̀, ọkọ sì kan ìdérí pákó sí i.

Láti ìgbà náà ni àgbàlá wọn ti di ti gbogbo ayé. Ìyàwó gbẹ́nàgbẹ́nà, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìbídùn, kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ọyẹ́ bá ti dé tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, á gbé àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kàǹga, á jókòó, á máa pín in. "Ìwọ, garawa kan ti tó ọ lónìí, ẹ̀yin tọkọtaya nìkan lẹ wà nílé. Ìyá Ìbejì, tìrẹ di méjì, mo mọ̀ pé aṣọ ọmọ ń dúró dè ọ́." Báyìí ni kàǹga náà ṣe ń la ọ̀gbẹlẹ̀ já lọ́dọọdún, kò sì sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ léèrè bó ṣe ń là á.

Ìjọ tí wọ́n ń lọ ní àṣà kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún, ilé kọ̀ọ̀kan á gbé lára ohun tí Ọlọ́run fi ń bọ́ wọn wá síwájú pẹpẹ. Àgbẹ̀ á gbé iṣu, aránṣọ á mú aṣọ tó rán wá, ẹlẹ́ran á gbé itan ewúrẹ́. Ìyá Ìbídùn kì í gbé àga tí ọkọ rẹ̀ kàn. Garawa omi ló máa ń rù. Bí àlùfáà bá ti gbàdúrà tán, àwọn obìnrin ìjọ á gbé omi náà lọ sẹ́yìn ilé ìjọsìn, òun ni wọ́n á sì kọ́kọ́ dà sínú ìkòkò ìrẹsì ọdún. Igi á ti wà lábẹ́ ìkòkò, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣáná sí i títí omi Ìyá Ìbídùn yóò fi dé.

Nígbà tó di ọdún kan, Ìyá Ìbídùn ṣàìsàn láàárín òjò, kò sì dìde mọ́.

Ọkọ rẹ̀ sin ín. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó wá bá a kẹ́dùn, ó sì padà sídìí pákó rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sì bá Ọlọ́run jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀, orin sì tẹ̀ lé e. Nínú ìsìn, bí wọ́n bá ní kí ìjọ dúpẹ́, á dìde bí àwọn yòókù, á ya ẹnu, ohunkóhun kì í sì í jáde níbẹ̀. Èyí dùn ún ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Ó gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé wọ́n ti sin ọpẹ́ òun pọ̀ mọ́ ìyàwó òun.

Ọyẹ́ dé. Kò sẹ́ni tó jókòó sórí àpótí. Olúkúlùkù ń pọn bó ṣe wù ú, nígbà tí Kérésìmesì sì kù fẹ́ẹ́fẹ̀ẹ́, ẹnì kan ju garawa ìfami sínú kàǹga, ó balẹ̀ gbà-á bí ẹni lu páànù. Omi ti tán.

Gbẹ́nàgbẹ́nà yọjú wo inú rẹ̀. Ó lè fara da ibùsùn tó ṣófo, ó lè fara da àpótí tó ṣófo. Ṣùgbọ́n kí ó máa kọjá lẹ́nu ihò gbígbẹ yìí láràárọ̀, kí ọjọ́ ọdún sì dé kí ó má rí omi gbé lọ, ó rí i pé èyí ju agbára òun lọ. Ó ránṣẹ́ pe agbẹ́kàǹga kan láti abúlé tó múlé tì wọ́n, pé kí ó wá dí kàǹga náà kí ọdún tuntun tó wọlé.

Agbẹ́kàǹga dé, ọkùnrin kúkúrú kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó wo inú kàǹga, ó wo ojú onílé.

"Bàbá, gbígbẹ́ ni mo kọ́, n kò kọ́ dídí."

"Iyẹ̀pẹ̀ ni kó o rọ́ sí i. Èwo ló ṣòro níbẹ̀?"

"Kò ṣòro. Adìyẹ pàápàá mọ iyẹ̀pẹ̀ ta."

Ìyá Alákàrà, aládùúgbò wọn, ti gbọ́ láti ẹ̀yìn ògiri. Ó wọlé pẹ̀lú ẹ̀wà lílọ̀ lọ́wọ́. "Ẹ gbà mí! Bàbá Ìbídùn, ìgbà wo lẹ di ará Filístínì? Àwọn ló ń dí kàǹga àwọn baba Ísírẹ́lì o!"

"Kàǹga mi ni."

"Tiyín ni, ta ló bá yín jiyàn? Ṣùgbọ́n garawa mi wà nínú rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ fún mi ná. Bí ẹ bá wá dí i tán, kí ẹ gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sórí rẹ̀."

Agbẹ́kàǹga pàtẹ́wọ́. "Ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Nídìí iṣẹ́ tiwa, a kì í dí kàǹga mọ́ ẹrù ẹlòmíràn. Ohun tó bọ́ sínú kàǹga kò sọ nù, Bàbá. Ó wà níbẹ̀. Àwa la ò sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. Ẹ jẹ́ n kó ẹrù jáde fún àwọn tó ni ín."

Wọ́n so okùn mọ́ ọn nídìí, àwọn géńdé méjì sì mú un dání. Gbẹ́nàgbẹ́nà fúnra rẹ̀ mú okùn garawa, ó dúró níbi tí ìyàwó rẹ̀ dúró sí lọ́dún tí wọ́n gbẹ́ kàǹga náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ohun tó wà nísàlẹ̀.

Garawa Ìyá Alákàrà ló kọ́kọ́ jáde, ìdí rẹ̀ ti jẹ. Abọ́ tánńganran tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà bàtà ọmọdé ẹsẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ìgbákọ gígùn kan. Ìròyìn ti dé ojúde, àwọn obìnrin sì ti pé yí wọn ká.

"Ìgbákọ mi nìyẹn!" ni ìyá àgbà kan ké. "Ìyàwó ọmọ mi ni mo fẹ̀sùn rẹ̀ kàn. Ọdún yẹn gan-an ni mo ní olè ni."

"Màmá, ẹ tètè máa lọ bẹ̀ ẹ́ o."

"N óò bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi fọ̀ ọ́ ná, kí n má fi ẹrẹ̀ bẹ ènìyàn."

Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí agbẹ́kàǹga kígbe láti ìsàlẹ̀ pé, "Bàbá, èyí wúwo, ẹ fà á pẹ̀lẹ́!" Gbẹ́nàgbẹ́nà fà á. Ó fi ọwọ́ nu ẹrẹ̀ kúrò. Òòlù ni, ó ti dípẹtà, èèkù rẹ̀ ti jẹrà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan orí rẹ̀ ya díẹ̀ bí eyín ọmọdé tó kán. Òòlù rẹ̀ ni. Ọ̀gá rẹ̀ ló fún un lọ́jọ́ tó gba òmìnira iṣẹ́.

Ó ti pẹ́ gan-an tí òòlù náà ti pòórá. Nígbà yẹn, ó tú ilé kiri. Ìyá Ìbídùn bá a wá a, ó tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ ibùsùn. Nígbà tó di ọjọ́ ọjà, ó ra òòlù tuntun bọ̀ fún un, láìjẹ́ pé ọkọ béèrè. Inú gbẹ́nàgbẹ́nà dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi dìde jẹ́rìí nínú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi pé Ọlọ́run fún òun ní aya tí kì í dúró kí á sọ fún un kó tó ṣe nǹkan. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Ìyá Ìbídùn ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, wọ́n sì ní, "Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀ obìnrin."

Gbẹ́nàgbẹ́nà gbé ojú kúrò lára òòlù, ó wo ìdérí kàǹga. Pákó kan wà lára rẹ̀ tó máa ń mì nígbà yẹn. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí pé kí ó kàn án, ó ń ní, "Ó dọ̀la." Ọjọ́ kan ló padà dé tó rí i pé pákó náà kò mì mọ́, kò sì béèrè ẹni tó kàn án. Ó wá wò ó dáadáa báyìí. Ìṣó tó wà lára pákó náà wọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹsẹ̀ ọ̀mùtí. Kò sí gbẹ́nàgbẹ́nà láyé tó ń kan ìṣó bẹ́ẹ̀.

"Háà!" ló ní. "Ìyá Ìbídùn! Ìwọ nìyẹn!"

Ó jókòó sórí àpótí. Ẹ̀rín tó ti kúrò lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà òjò ya dé lẹ́ẹ̀kan náà, ó gbọ̀n ọ́n títí omi fi ń dà lójú rẹ̀. "Ó bá mi wá a o! Ó dé abẹ́ ibùsùn!"

"Mo mọ̀," ni Ìyá Alákàrà wí, òun náà di ìhà mú. "Ojú mi ló ṣe bọ́ sí i. Ó ní bí mo bá sọ fún yín, n óò máa lọ pọn omi lódò."

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà wo ẹrù tó wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, garawa, abọ́, bàtà, ìgbákọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan tó wá nǹkan wá sí ilé òun, tó sì rí i gbà. Láti ìgbà òjò ló ti ń wo ohun tó lọ. Kò tíì wo ohun tí Olúwa ti ipasẹ̀ ilé náà fún àwọn ènìyàn. Ó ní jẹ́jẹ́, "Olúwa, o ṣeun tó o fún mi ní irú obìnrin yìí." Ó ti sọ ọ́ tán kó tó mọ̀ pé ọpẹ́ lòun dú.

Ohùn kan ti ìsàlẹ̀ wá. "Bàbá! Ṣé mo lè gòkè kí ẹ tó sin mí?"

"Dúró ná!"

"Ìgbà wo lẹ gbẹ́ kàǹga yìí?"

"Ìgbà òjò ni."

Agbẹ́kàǹga rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ̀rín náà sì ń dún bí ẹni tó wà nínú ìkòkò. "Ìdí rẹ̀ rèé! Ojú ọ̀nà lẹ ti pàdé omi, ẹ rò pé ẹ ti délé rẹ̀. Ó kù nísàlẹ̀, ilẹ̀ ibí tutù lẹ́sẹ̀ mi. Bàbá, bí kò bá gbẹ báyìí, ta ló lè dúró síbi tí mo dúró sí yìí? Kàǹga tó kún, kò sẹ́ni tó lè wọ̀ ọ́ lọ gbẹ́ ẹ."

Gbẹ́nàgbẹ́nà dìde lórí àpótí, ó tún di okùn garawa mú. Lẹ́yìn náà ó ní, "Gbẹ́ ẹ."

Ilẹ̀ náà le. Èèkù díígà kán mọ́ agbẹ́kàǹga lọ́wọ́, gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ òmíràn fún un, ó tún kán, ó tún gbẹ́ èyí tó nípọn jù ú lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún, iyẹ̀pẹ̀ tó ń jáde bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ garawa. Kò pẹ́ tó di ẹrẹ̀. Kò pẹ́ tí agbẹ́kàǹga fi pariwo pé kí wọ́n fa òun sókè o, òun ò mọ̀wẹ̀.

Ilẹ̀ ọdún mọ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà fa garawa kan, ó sì bojú wò ó. Omi náà pọ́n bí tíì tí wọ́n da wàrà sí. Ó fẹ́ dà á nù, kí ó lọ lọ́wọ́ òfo. Ṣùgbọ́n ó rántí igi tí wọ́n ti tò sábẹ́ ìkòkò tí kò sẹ́ni tó ṣáná sí i. Ó gbé garawa náà rù. Ọkùnrin ni, kò mọ omi rù, ó sì ń ta sí i léjìká títí tó fi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn.

Níwájú pẹpẹ, ó sọ fún àlùfáà ní ohùn kékeré pé, "Ẹ má bínú, kò tíì tòrò."

Àlùfáà wo inú garawa. "Ṣé omi ni?"

"Omi ni, sà."

"Gbé e kalẹ̀ síbẹ̀."

Wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà. Nígbà tó kan ẹ̀rí, gbẹ́nàgbẹ́nà dìde, ó na òòlù tó ti dípẹtà sókè. Ó ní, "Ẹ̀rí kan wà tí mo jẹ́ níbí láyé ìjọ́un. Mo fẹ́ tún un ṣe." Bó ti ń sọ ọ́ lọ ni ìjọ ń wó lẹ́rìn-ín, àlùfáà sì yí ojú sí ògiri. Ó wá parí rẹ̀ báyìí pé, "Mo mọ ibi tí ìyàwó mi wà, mo sì mọ̀ pé n óò rí i. Bí kàkàkí bá dún lọ́jọ́ àjíǹde, tí mo bá kí Olúwa mi tán, ọ̀rọ̀ òòlù yìí ni n óò kọ́kọ́ bá a sọ."

Nígbà tí ìsìn parí, àwọn obìnrin wá gbé garawa. Ẹrẹ̀ ti sùn sísàlẹ̀. Òkè rẹ̀ mọ́ gaara, ó ń dán. Wọ́n rọra da omi mímọ́ náà sínú ìkòkò, wọ́n sì ṣáná.

Ìwọ tí ọdún tuntun bá lẹ́nu kàǹga gbígbẹ, má tíì rọ́ iyẹ̀pẹ̀ sí i. Ẹni tó sùn nínú Olúwa kò sọ nù, o kàn kò tíì rí i ni. Bóyá ojú ọ̀nà ni ìwọ náà ti ń pàdé omi láti ìgbà yìí wá, nígbà tí òjò ń rọ̀, tí ara dẹ̀ ọ́. Gbẹ́ ẹ sí i, nísinsìnyí tí ẹsẹ̀ rẹ lè dé ìsàlẹ̀. Bí ọpẹ́ rẹ kò bá sì tíì tòrò, má dúró dìgbà tó bá tòrò kí o tó gbé e lọ. Rù ú bẹ́ẹ̀, jẹ́ kí ó ta sí ọ léjìká, kí o gbé e kalẹ̀ níwájú Rẹ̀. Àwọn kan ti to igi sábẹ́ ìkòkò. Omi tìrẹ ni wọ́n ń retí.