Mùdùnmúdùn Ọmọ Orogún Ìyá Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà ní Ìbàdàn tó jẹ́ mọ́gàjí agbo ilé baba rẹ̀. Ọmọ ìyálé ni. Láwọyin, àbúrò rẹ̀, ni ọmọ ìyàwó. Láti kékeré ló ti ń ṣọ́ Láwọyin bí ẹni ń ṣọ́ ewúrẹ́ lẹ́bàá iṣu. Bí baba wọn bá rẹ́rìn-ín sí Láwọyin, oúnjẹ ọjọ́ náà kì í gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ tó jẹ mọ́gàjí ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan dí nínú ọpọlọ rẹ̀. Apá ọ̀tún kú, ẹnu sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹbí ní kí Láwọyin máa bá wọn darí ìpàdé títí ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò fi yá. Ìyẹn dùn ún ju àìsàn lọ. Bó bá ti gbọ́ ohùn Láwọyin láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, á kọjú sí ògiri.

"Ó ti gba àga mi," ló ń kùn sí ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ jẹun, Bàbá Dérera. Orí bẹ́ǹṣì ló ń jókòó. 'Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n sọ fún yín,' bẹ́ẹ̀ ló fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀."

"Ẹ̀tàn ni. Ìyá rẹ̀ náà mọ ọ̀rọ̀ í sọ."

Nígbà náà, àwọn dókítà kan ń dán ìtọ́jú tuntun wò. Wọ́n ń fa mùdùnmúdùn láti inú egungun ìbàdí ẹni tí ara rẹ̀ le. Wọ́n á ṣa sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ inú rẹ̀, èyí tó dà bí irúgbìn nínú ara ènìyàn, wọ́n á sì fi í sínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, bóyá iṣan ọpọlọ tó bàjẹ́ á lè tún ara rẹ̀ ṣe. Wọn kò ṣèlérí. Ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ ni pé kò gbọdọ̀ pẹ́, kí ọgbẹ́ inú ọpọlọ má baà di àpá. Wọ́n yẹ àwọn ará ilé wò, ti Láwọyin ló bá a mu jù.

Láwọyin dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ara mi le. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á."

Mọ́gàjí fi ẹ̀bá ẹnu rẹ́rìn-ín. "O gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ tán, o tún fẹ́ gba agbárí. Lọlé ìyá rẹ."

Láwọyin lọ. Ó tún padà wá, wọ́n tún lé e. Mọ́gàjí ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn láàárín àwọn ọmọ ìyá òun. Èyí ti darúgbó, ìtọ̀ ṣúgà ń bá tọ̀hún jà. Ìgbà òjò dé, ìgbà òjò lọ, wọn kò rí ẹnìkan.

Níkẹyìn ó bi dókítà ní ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. "Bí ti ọmọ yẹn bá wọ inú orí mi, ta ni yóò jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀?"

Dókítà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá rí i pé kì í ṣe àwàdà. "Bàbá, àlejò ni. Nínú ohun tí a ti rí, púpọ̀ wọn kì í pẹ́ kí wọ́n tó tán. Wọ́n á ké sí iṣan tiyín pé kó dìde, wọ́n á sì kọjá lọ. Iṣan tiyín náà ni yóò hù."

"Kò ní jókòó síbẹ̀?"

"Kò ní jókòó."

Bàbá fi ọwọ́ òsì tọ́ka sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ẹ bá mi pe Láwọyin."

Dókítà wo ilẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ọgbẹ́ yẹn ti di àpá. Ìgbà tí àbúrò yín dọ̀bálẹ̀ níwájú yín, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ ká ti ṣe é."

Bẹ́ẹ̀ ni apá ọ̀tún mọ́gàjí ṣe kú títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Òjòwú kò lẹ́ran láyà, ọmọ mi. Ìwọ tí ọmọ baba rẹ na ọwọ́ ìrànlọ́wọ́ sí, tí o jókòó tí ò ń ro ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ, ṣé ó ti gba nǹkan kan rí? Dìde, lọ pè é lónìí. Àpá kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.