Igbá Omi Orí Òkè Àrìrà

Ẹni tó bá rí Òkè Àrìrà tí kò yanu, ojú ló ń dùn ún. Àpáta kan wà níbẹ̀ tó sàba bí adìẹ; òmíràn dúró lórí òkúta kékeré, ìjì á jà títí, kò ní mì. Góńgó orí òkè ni ilé òrìṣà wà, Òkèdìran sì ni abọrẹ̀ rẹ̀. Igbá kan ni wọ́n fi ń fún gbogbo àlejò lómi níbẹ̀, igbá àwọn tó tẹ ìlú dó. Ó ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì ti fi okùn rán an.

Òkèdìran fẹ́ràn òkè yìí ju oúnjẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo àṣà àwọn ará ibẹ̀: wọn kì í yin ohun tiwọn lójú àlejò. Bí o bá ní ilé wọn dára, wọn a ní ahéré lásán ni. Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, a máa kìlọ̀ fún un pé ìrẹ̀lẹ̀ náà ti ń pọ̀ jù, òun a kàn rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún kan, ọba ìlú ńlá kan nísàlẹ̀ ń wá òkè tí yóò fọ́ òkúta rẹ̀ fi mọ odi. Ó rán ìránṣẹ́ méjì wá wo Àrìrà. Òógùn bò wọ́n kí wọ́n tó dókè, ẹnu sì yà wọ́n. Wọ́n bi abọrẹ̀ pé irú àpáta wo nìyí, ó ní òkúta lásán ni. Wọ́n béèrè ilé òrìṣà, ó ní ahéré àwọn bàbá àwọn ni. Nígbà tí wọ́n mumi tán, wọ́n yẹ igbá wò, wọ́n béèrè ìyẹn náà.

“Ẹ má dá a lóhùn,” ló wí. “Àkúfọ́ igbá ni.”

Ó wọlé lọ mú obì. Kí ó tó jáde, àwọn àlejò ti jẹ iṣu sísun tí wọ́n gbé lọ́wọ́. Èyí àgbà ń fi igbá náà kó èèpo dànù, kí ilé onílé má baà dọ̀tí. Èkejì ti ń fi ọ̀pá wọn àpáta adìẹ, ó ń wo ibi tí wọn yóò ti fọ́ ọ.

Obì bọ́ lọ́wọ́ Òkèdìran. “Igbá àwọn bàbá mi lẹ fi ń kólẹ̀?”

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀. “Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ pè é ní àkúfọ́.”

Òkèdìran wo Àwẹ̀ró tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó rántí ìkìlọ̀ ìyàwó rẹ̀, ojú sì tì í gidigidi. Ó gba igbá, ó fọ̀ ọ́ mọ́, ó wá gbé e sókè.

“Igbá Ìtẹ̀dó nìyí. Kò sí ọba tó jẹ nílùú yìí tí kò tinú rẹ̀ mumi. Àpáta tí ẹ ń wọ̀n yẹn, Adìẹ Àrìrà ni. Abẹ́ rẹ̀ la kó àwọn ọmọ wa sí nígbà ogun. Ogun wá, ogun lọ, a kò pàdánù ẹyọ kan.”

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó pe àpáta kọ̀ọ̀kan lórúkọ, ó kì í, àyà rẹ̀ ń wú, ohùn rẹ̀ sì ń dún dé ìsàlẹ̀ òkè. Àwọn ìránṣẹ́ ṣí fìlà, wọ́n gbé ọ̀pá wọn sílẹ̀.

Wọ́n lọ ròyìn fún ọba wọn, ibòmíràn ló sì ti fọ́ òkúta. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, òun fúnra rẹ̀ gun Àrìrà wá kí òrìṣà. Wọ́n gbé omi fún un, ó sì béèrè ohun tí wọ́n ń pe igbá náà.

“Igbá Ìtẹ̀dó ni, Kábíyèsí,” ni Òkèdìran wí.

“Igbá Ìtẹ̀dó,” ni ọba wí tẹ̀lé e, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Orí òkè yẹn ni òwe àwọn àgbà ti sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa, tí wọ́n fi ń wí pé bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a pè é.