Igbá Kejì Ìbíyẹmí

Àwọn ará Ìdí-Ọdán máa ń wí pé, "Igbá kejì ló ń mú àlejò jókòó." Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé ọ̀mùtí ni wọ́n ń bá wí, pé ahá ẹmu kejì ni kì í jẹ́ kí èèyàn dìde mọ́. Rárá o. Kò sí ẹmu nínú igbá tí wọ́n ń wí yìí.

Ìbíyẹmí ló ń ta ẹmu lábẹ́ igi ọdán létí ọ̀nà oko. Ẹmu rẹ̀ dùn, ẹnu rẹ̀ náà sì dùn, ṣùgbọ́n kò gba ajá láàyè. Ajá ọdẹ kan ti tẹnu bọ ahá oníbàárà rí, gbogbo àwọn tó ń mu sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìgbà náà ni pàṣán ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbè rẹ̀. Àwọn ọdẹ bá ń kọjá lọ mu omi odò, ẹmu sì ń kan mọ́ ọn lọ́wọ́. Àjàgbé adẹ́mu là á mọ́lẹ̀ fún un pé, "Ìyá, bí tòní bá tún ṣẹ́kù, ọjà ni mò ń gbé tọ̀la lọ."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Ọdẹ́jìmí, àgbà ọdẹ tí gbogbo agbègbè mọ̀, yọ lókèèrè. Ọyẹ́ ti la ètè rẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn, baba! Ẹ yà wá fi nǹkan tutù pa òùngbẹ."

"Ẹ ṣeun, ìyá. Àwa méjì ni o."

Ìbíyẹmí wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ajá arúgbó kan ló ń tiro bọ̀.

"Háà, baba! Ajá kì í débí. Ẹ̀yin nìkan ni kẹ́ ẹ yà."

"Dúródèmí lorúkọ rẹ̀. Ìyàwó mi olóògbé ló sọ ọ́. Lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn, ó ní n má jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́. Níbi tí kò bá ti lè mu, èmi náà kì í mu. Ajé á wọgbá o, ìyá."

Ó kọjá lọ. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló dun Ìbíyẹmí. Ó mọ̀ pé odò iwájú tí àwọn ọdẹ ń mu ti gbẹ láti ìjẹta. Ó wo agbè tó kún dẹ́nu, ó wo ẹsẹ̀ ajá tó ń wọ́ nínú eruku. Ó da obì inú igbá kan tí etí rẹ̀ ti kán sílẹ̀, ó fi èédú sàmì sí i kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í mú, ó sì bu omi àmù sí i.

"Baba! Ẹ padà! Igbá tiẹ̀ ti wà o!"

Ajá ló kọ́kọ́ yípadà. Ó lá omi náà títí igbá fi gbẹ, ó mí kanlẹ̀, ó sì nà gbalaja lé ẹsẹ̀ olówó rẹ̀ méjèèjì. Oorun gbé e lọ.

Ọdẹ́jìmí mu ahá kan, ó fẹ́ dìde, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ìyá, wọ́n ti dè mí mọ́lẹ̀ o."

"Ẹ̀wọ̀n onírun! Ṣé kí n bu òmíràn?"

"Kí ni ẹlẹ́wọ̀n fẹ́ wí?"

Àwọn ọdẹ tó ń bọ̀ láti oko rí àgbà wọn níbi tó jókòó sí pẹ̀lú ajá, àwọn náà yà. Ìbíyẹmí ń wá igbá kún igbá, ó ń fi èédú sàmì sí wọn. Nígbà tí Àjàgbé fi dé, ajá ló tẹ́ lọ rẹrẹ lábẹ́ ọdán.

"Ìyá, ṣé ajá lẹ ti wá ń tà ni?"

Ìbíyẹmí dojú agbè délẹ̀. Ẹ̀kán kan kò kán. "Ẹmu náà ni mò ń tà. Lọ́la, gbé agbè méjì wá."

Ọdẹ́jìmí rẹ́rìn-ín, ó rọra fọwọ́ pa ajá rẹ̀ lórí. "Dìde ká lọ. Ìyá rẹ olóògbé ì bá fẹ́ràn ibí." Ajá ṣí ojú kan, ó tún pa á dé. "Ó dáa," ni baba wí, "ìyá, ẹ bu omi fún èmi náà."

Ìdí nìyí tí àwọn ará Ìdí-Ọdán kì í fi dúró lórí ohun tí àlejò fúnra rẹ̀ yóò mu. Wọ́n á wo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á wo ẹni tó mú dání. Igbá kìíní ń pa òùngbẹ. Igbá kejì ló ń mú àlejò jókòó.